Màmúdù Ríwáyà àti Orúkọ Tí Mi Ò Pè

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: èmi Adéṣínà, àgbẹ̀ kòkó ní Omifunfun, olóríkunkun ni mí. Ìyá mi sọ ọ́, ìyàwó mi sọ ọ́, pásítọ̀ wa sọ ọ́ lórí àga ìwàásù láìdárúkọ mi, gbogbo ìjọ sì yíjú wò mí. Mo máa ń fi í yangàn tẹ́lẹ̀ ni. Odidi ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń pariwo níwájú ẹgbẹ́ olórin kan tí à ń pè ní Bíréèkì Ò Mú, oríkunkun yìí ló sì gbé ẹgbẹ́ náà ró. Òun náà ló jẹ́ kí n ṣe ohun tí mo ṣe sí Màmúdù. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ríwáyà ni Màmúdù. Iná mọ́tò ló ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Orè. Bí tírélà bá dé láti ọ̀nà Benin tí iná iwájú rẹ̀ ò tàn, òun ni wọ́n ń wá. Ó ga, ó tín-ín-rín, eyín ló fi ń bó wáyà, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rárá. Bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé ó ti dáa?", ṣe ló máa tan iná náà sí yín lójú, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ dẹ́rẹ́bà ni, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun lé òun. Èmi ọmọ àgbẹ̀, onígbàgbọ́ tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rédíò bàbá mi tó bàjẹ́ ló mú wa pàdé, lọ́dún 2000.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba rédíò náà, Màmúdù fẹ́ dán an wò. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí òyìnbó kan gbàgbé sínú mọ́tò tó wá tún ṣe. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí àwòrán. Ó tì í bọ inú rédíò náà. Háà! A rò pé rédíò ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì ni. Gìtá ń sáré bí ẹni tí agbọ́n ń lé, ìlù ń lé gìtá, ọkùnrin kan sì ń kígbe bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kí ẹ tó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, orin ti tán, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Màmúdù tú rédíò náà palẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó dì í padà.

"Kò sí ohun tó ṣe é," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín báyẹn rí, ó di ikùn mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wáyà. Títí di òní, mi ò mọ orúkọ àwọn tó kọ orin náà, mi ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ìbínú rẹ̀ ni mo gbọ́. Èmi náà ní irú ìbínú yẹn nínú, mi ò rí ibi tí màá gbé e sí ni.

Ẹ ó bi mí pé ìbínú kí ni. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ta kòkó ọdún kan gbáko, wọ́n sì ná gbogbo rẹ̀ mọ́ olórin kan lórí ní Odìgbó, torí pé olórin náà pe orúkọ wọn, ó sì pe ti bàbá wọn mọ́ ọn. Wọ́n ń jó, wọ́n ń sunkún ayọ̀, wọ́n ń ná an. Ọdún yẹn ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ tí olórin ń ki ènìyàn, inú mi á máa ru.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo ṣe òfin, òfin kan péré. A ò ní ki ẹnikẹ́ni. Orúkọ alààyè kankan kò ní wọ inú orin wa, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe òṣèlú, ìbáà ṣe àwa fúnra wa. Àwa mẹ́ta ni, èmi, Màmúdù tó ń ta gìtá, àti Ọlọ́runṣògo tó ń lu ìlù nígbà yẹn. Ọlọ́runṣògo fi Bíbélì búra. Màmúdù ní, "Mo gbà," ó sì padà sídìí wáyà tó ń jó.

Òun ló ṣe ohun èlò wa. Sípíkà tó yọ lára bọ́ọ̀sì tó dojú dé lójú ọ̀nà ló fi ṣe ẹ̀rọ gìtá, bátìrì tírélà méjì ló sì ń gbé e. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìbínú ló jẹ́ kí orin wa kúrú. Irọ́ ni o, bátìrì ni! Bí ẹ bá kọrin ju ìṣẹ́jú méjì lọ, bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, gìtá á máa ké bí ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ ọjà la kọ́kọ́ ṣeré ní Orè, ní ọ̀sán gangan. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn tó ń ta ata palẹ̀ mọ́, wọ́n rò pé ìjà ti bẹ́. Àwọn ọkùnrin gáréèjì sáré dé pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́wọ́: "Ta ni wọ́n ń lù? Ta ni wọ́n ń lù?" Mo ń kígbe mọ́ wọn lójú. Orin kan ṣoṣo la ní, "Ihò" lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju "Ihò! Ihò! Ẹ dí ihò!" lọ, nítorí ihò ojú títì tó ń pa ènìyàn láti Orè títí dé ẹ̀yìn odò. Dẹ́rẹ́bà kan ló kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà kọndọ́kítọ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo gáréèjì. Wọ́n ní ká tún un kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la kọ ọ́ kí bátìrì tó kú.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A lọ sí Àgọ́ Aláyè, a lọ sí Ararọ̀mí-Obù, ìlù lórí ọ̀kadà kan, bátìrì lórí èkejì. Omi bátìrì jẹ ṣòkòtò mi lẹ́yìn lójú ọ̀nà, mo sì kọrin lọ́jọ́ náà láìyíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. A kọrin lórí àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n èké wọn kòkó. A kọrin lórí àwọn tó ń dènà lójú títì. Ìkálẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ́, torí kò sí ibi tí èébú ti dùn tó ẹnu Ìkálẹ̀. Ní ọdún kẹsàn-án, Ọlọ́runṣògo ní Olúwa pe òun, ó lọ dá ìjọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Odìgbó ló rọ́pò rẹ̀, Joanna. Ìlù ló ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, wọ́n sì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé kó rọra. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ò sọ fún un pé kó rọra. Ó lù ú títí igi ìlù fi dá sí méjì, Màmúdù sì mi orí, ìyẹn ni pé a ti gbà á.

Ẹ má rò pé kò sí ìdánwò. Ọdún kan, ẹ̀rọ Màmúdù jóná, a sì ti jókòó fún oṣù mẹ́ta láìṣeré. Ẹnìkan tó ń du ipò rán àwọn ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kí n kàn pe orúkọ ọ̀gá àwọn lẹ́ẹ̀kan nínú orin kan. Mo lé wọn bí ẹni lé ajá. Màmúdù yí jẹnẹrétọ̀ náà po, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ẹ rí i pé ó wù ú dé ọkàn. Lẹ́yìn náà ó bá wọn gbé e padà sínú mọ́tò wọn. Láti ọjọ́ náà, kò mẹ́nu kàn án mọ́. Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn.

Ìyàwó kan ló fẹ́, Límátù, tó ń rán aṣọ lẹ́yìn gáréèjì. Ogún ọdún ó lé, wọn ò bímọ. Àwọn ẹbí ní kó fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀sìn rẹ̀ sì gbà á láyè. Ó ní Límátù tó òun. Àwa ọ̀rẹ́ ò bá a sọ ọ́, òun náà ò bá wa sọ ọ́, èmi òmùgọ̀ sì rò pé kò dùn ún.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n ní kíndìnrín ni. Ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń tún iná mọ́tò ṣe lórí ìjókòó. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún yìí ń parí lọ, mo wà lóko, mò ń ro abẹ́ kòkó, ni ọ̀kadà kan bá gbé e dé. Mi ò rí i lóko mi rí. Ó jókòó lórí igi tó wó, ó mí, ó tún mí.

"Ṣínà, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́."

"Eré ọdún karùndínlọ́gbọ̀n tí a fẹ́ ṣe yìí. Mo fẹ́ kí o pe orúkọ mi nínú orin. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Ó dúró kí n rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹni ọmọ sin ló bímọ," ó ní. "Ìwọ mọ̀ pé èmi ò ní. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa pe orúkọ mi? Gbogbo Orè mọ ohùn gìtá yẹn, wọn ò mọ orúkọ ẹni tó ń ta á. Bí o bá pè é, wọ́n á gbà á lẹ́nu rẹ, bí wọ́n ṣe ń gba gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan, Ṣínà."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kíyẹn ti tó fún ẹni tó ní làákàyè. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o.

"Màmúdù, òfin wa ńkọ́? Bí mo bá pe tìrẹ lónìí, lọ́la Joanna á fẹ́ tirẹ̀, lọ́tùn-únla alága á dé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Àbí ìwọ náà ti di olówó tí wọ́n ń kì?"

Mo fi ẹ̀rín sí i. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kòkó mi lápá ọ̀tún ti ń dúdú, kí n tètè wá nǹkan fín sí i. Ó dìde, ó lọ. Ẹ sì wá wo èmi, inú mi ń dùn! Mo délé, mo ń ròyìn fún ìyàwó mi pé mo dúró lórí òfin kódà níwájú ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó mi gbé àwo sílẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ara rẹ?" ó ní. Mo ní obìnrin ò mọ̀ nípa ẹgbẹ́. Háà, Adéṣínà.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún la ṣeré náà, níwájú gáréèjì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Àwọn tó jẹ́ kọndọ́kítọ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ti di bàbá, wọ́n mú ọmọ wọn wá. Orí táyà tírélà ni Màmúdù jókòó sí, sálúbàtà ló wọ̀ torí bàtà kankan ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ta gìtá lọ́jọ́ náà bíi pé ara rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. "Ihò" la fi parí. Bí mo bá ti kígbe "Ẹ dí ihò!" tó kẹ́yìn, gbogbo wa la máa ń dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo kígbe. Joanna dáwọ́ dúró. Màmúdù ò dúró.

Ó ń ta á lọ, ohùn mẹ́rin kan náà tí gìtá fi ń gbé orin náà, ó ń yí i po. Joanna wò ó, ó wò mí, ló bá fi ìlù gbè é. Àwọn èrò rò pé nǹkan tuntun ni, wọ́n ń fò sókè. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Ojú mi ló ń wò. Ó máa fi àyè kékeré sílẹ̀ lópin ohùn kẹrin, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún fi àyè náà sílẹ̀. Ó ti wọn àyè náà, orúkọ rẹ̀ ló máa gbà, kò lé, kò dín. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé mi ò mọ̀ ọ́n. Maíìkì wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi ti là sílẹ̀, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé kò lè fi ipá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo sì yọ wáyà kúrò lórí bátìrì.

Gìtá kú. "Ó tán!" ni mo kígbe, láìsí maíìkì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n hó. Màmúdù ò gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn gìtá. Ó wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi, wáyà tí òun fúnra rẹ̀ so, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sálúbàtà rẹ̀ kan tó ti bọ́.

Joanna ò bá mi palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kó igi ìlù rẹ̀ sábẹ́ apá, ó dúró níwájú mi. Ọmọ tí kò gbójú sí mi rí ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Òfin tí ẹ ṣe nítorí olówó, tálákà lẹ fi gbá létí."

Mo bú u. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Mo sì fi ìbínú gbé ọjọ́ mẹ́sàn-án, mò ń bá kòkó sọ̀rọ̀ lóko bíi pé ó ń bá mi jiyàn. Màmúdù ò pè mí, èmi ò pè é. Lọ́jọ́ kẹwàá, tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, mo kàn rí i pé ohùn mẹ́rin yẹn ló wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń ro oko. Mo jókòó. Mo fi orúkọ rẹ̀ sí àyè náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí! Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, lágbàlagbà mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà jáde, orin tirẹ̀ látòkèdélẹ̀: bó ṣe tan iná tírélà, bó ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ padà sínú mọ́tò, bó ṣe fẹ́ obìnrin kan tó tó o.

Ká ní mo lọ lọ́jọ́ Ajé náà ni. Ká ní mo pè é lórí fóònù, kí n kígbe orúkọ rẹ̀ sí i létí, ì bá tó o. Ṣùgbọ́n mo ní kí orin náà dára ná. Mo ní màá lọ bá a lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí ara bá tù ú. Ọjọ́bọ̀ ni Joanna pè mí, kò ju aago mọ́kànlá àárọ̀ lọ. Ó ń sunkún, mi ò tètè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Màmúdù ti lọ, wọ́n sì ti ń gbé e lọ sin. Ẹ mọ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é, wọn kì í gbé òkú pamọ́. Ọ̀kadà tó gbé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń padà bọ̀ ni mo pàdé, iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Hàbíb àbúrò rẹ̀ ló nawọ́ ibẹ̀ hàn mí. Mo dúró. Gbogbo ariwo tí mo ti pa láyé, mi ò rí ọ̀kan pa níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Èmi ò fẹ́ gbà. Mo rò pé ohun tí mo lè ṣe ṣì wà. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n ṣàdúà tán tí èrò ti túká, mo lọ bá Límátù níbi tó jókòó sí lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi. Mo ní, "Ìyàwó wa, mo ti ṣe orin fún un. Orúkọ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Màá kọ ọ́ níwájú gáréèjì, gbogbo Orè á sì máa pe Màmúdù. Ẹ kàn fún mi láṣẹ ni."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Bọ̀dá Ṣínà, ọjọ́ tó ti oko yín dé, mo bi í pé kí lẹ wí. Ó ní ẹ ní ẹ máa rò ó. Ó ní òun mọ̀ yín, pé ẹ máa kọ́kọ́ kọ̀, ẹ sì máa padà ṣe é. Lọ́jọ́ eré yẹn, fìlà tuntun ló dé. Ó ní kí n dúró lápá ọ̀tún, pé ibẹ̀ ni màá ti gbọ́ ọ dáadáa." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mo dúró lápá ọ̀tún. Mo rí ọwọ́ yín lórí bátìrì."

Mi ò lè gbé orí sókè.

"Mo ti dárí jì yín. Òun náà dárí jì yín, ọjọ́ náà gan-an ló ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má pe orúkọ ọkọ mi nínú orin yín láéláé. Nígbà tó ní etí, ẹ ò pè é."

Mo ní mo gbọ́. Ó bu omi fún mi, mo mu ún, mo lọ sílé.

Ẹgbẹ́ ti tú ká. Joanna ń lu ìlù nínú ìjọ Ọlọ́runṣògo, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń sọ fún un níbẹ̀ pé kó rọra. Bí mo bá kọjá ní gáréèjì, àwọn dẹ́rẹ́bà a máa ké sí mi: "Bàbá Ihò! Ìgbà wo lẹ ń ṣeré?" Orin náà ti parí, ó sì dára ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe lọ. Mi ò gbọdọ̀ kọ ọ́.